Èwo Ló Dára Jù? Ọ̀rọ̀ Lórí Omi Tí A Fi Ń Dá Ọkàn Dúró

Níbi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn bá ti péjọ, ìbéèrè kan wà tí kì í gbẹ́yìn: nínú gbogbo omi tí a fi ń dá ọkàn dúró kí a tó là á, èwo ló dára jù? Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Jámánì á ní ti Bretschneider ni. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù á gbè sẹ́yìn ti St Thomas'. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé á sọ pé ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àná, pé del Nido ló lòde. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà gan-an ló wọ́. Kò sí omi kan tó borí àwọn yòókù lórí gbogbo ọkàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pàdánù nǹkan kan kó tó rí nǹkan mìíràn gbà, iṣẹ́ tiwa sì ni láti mọ ohun tó pàdánù náà kó tó di pé a bá a pàdé nínú àyà aláìsàn. Orúkọ tó wà lára àpò kì í gba ọkàn là tó bí a ṣe fún un lómi, iye tí a fún un, ìgbà tí a tún un fún, àti bóyá ẹni tó po omi náà mọ ohun tó ń pò.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1953, ní Philadelphia, John Gibbon lo ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ó dí ihò tó wà nínú ọkàn rẹ̀, ọmọ náà sì yè. Ẹ̀rọ yẹn ń bọ́ gbogbo ara, ṣùgbọ́n ọkàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ṣòro láti rán fáàfù mọ́ inú ohun tó ń fò sókè sódò, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde níbẹ̀. A ní láti fi irin há aorta, ìyẹn òpójẹ̀ ńlá tó jáde láti inú ọkàn. Bí a bá sì ti há a, àwọn òpójẹ̀ tó ń bọ́ ẹran ọkàn kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́, nítorí ìdí aorta ni wọ́n ti yọ. Ọkàn tó ń ṣiṣẹ́ a máa lo ọ́síjìn tó bíi mílílítà 8 sí 10 láàárín ìṣẹ́jú kan fún 100 gíráàmù ẹran rẹ̀. Bí a bá dá a dúró pátápátá láì mú un tutù, á já wálẹ̀ sí bíi mílílítà kan. Bí a bá wá mú un tutù dé dígírì 22, ó lè tó 0.3. Ìṣirò yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé: ìdádúró ló ń gé èyí tó pọ̀ jù, òtútù á wá gé nínú ìyókù. Àmọ́ kò sí èyí tó sọ ọ́ di òfo. Ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ṣì ń san owó ilé. Ọkàn tó dákẹ́ náà ṣì ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ń kó ásíìdì jọ. Omi tí a ń pè ní cardioplegia ní iṣẹ́ mẹ́ta láti ṣe, kì í ṣe ẹyọ kan: kó dá ọkàn dúró kíákíá, kó jẹ́ kí ohun tó ń ná kéré, kó sì gba ìdọ̀tí tó ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì mọ́ra títí a ó fi tú irin náà.

Pọtásíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn omi wọ̀nyí gbẹ́kẹ̀ lé. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó wà láàárín 3.5 sí 5 mílímólù nínú lítà kan. Bí a bá mú un ga dé 16 tàbí 25 láyìíká sẹ́ẹ̀lì ọkàn, ojú ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọlé á sé, iná kò ní ràn láti sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì mọ́, ọkàn á sì dákẹ́ síbi tó ti ń sinmi. Ọdún 1955 ni Denis Melrose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ọgbọ́n yìí jáde, potassium citrate ni wọ́n lò. Ọkàn dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ẹran ọkàn ń kú níbẹ̀, wọ́n sì pa á tì. Fún bí ọdún mẹ́wàá ó lé, òtútù nìkan, tàbí kí a máa há aorta ká máa tú u léraléra, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ní 1972, Denton Cooley àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Houston kọ̀wé nípa ọkàn tó fún pọ̀ tí kò tú mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èyí tí wọ́n pè ní ọkàn òkúta. Nígbà tí Gay àti Ebert tún pọtásíọ̀mù gbé yẹ̀wò ní 1973, ní ìwọ̀n tó kéré gan-an sí ti Melrose, ọkàn dúró, ó sì jí dáadáa. Kò sí ohun tó burú lára pọtásíọ̀mù látìbẹ̀rẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ṣekú pa ẹran ọkàn. Mo ka ìtàn yìí sí ẹ̀rí àkọ́kọ́ fún ohun tí mò ń wí, nítorí èròjà kan náà ló di májèlé lọ́wọ́ àwọn kan tó sì di ààbò lọ́wọ́ àwọn mìíràn, ìwọ̀n ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn omi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. David Hearse àti Mark Braimbridge ló ṣe ti St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aláìsàn. Nínú irú rẹ̀ kejì, pọtásíọ̀mù jẹ́ 16, magnísíọ̀mù 16, sódíọ̀mù 110 ó lé díẹ̀, kálísíọ̀mù 1.2. Ẹni tó bá ka àwọn nọ́ńbà yìí á rí i pé kò jìnnà sí omi ara: ó rọrùn láti pò, owó rẹ̀ kò pọ̀, bí ó bá sì dà sínú ẹ̀jẹ̀ kò da nǹkan rú púpọ̀. Ohun tó pàdánù ni àkókò. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30 a gbọ́dọ̀ tún un fún ọkàn, oníṣẹ́ abẹ á sì dáwọ́ dúró nígbàkígbà tí a bá fẹ́ tún un ṣe. Hans Jürgen Bretschneider ní Göttingen gba ọ̀nà mìíràn. Ó gé sódíọ̀mù wálẹ̀ sí 15, ó jẹ́ kí pọtásíọ̀mù wà ní 9 péré, kálísíọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá, ó wá kó histidine sínú rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kó lè máa gba ásíìdì mọ́ra. Níwọ̀n bí kò ti sí sódíọ̀mù tó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, iná kò lè ràn. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fún un, bíi 20 mílílítà fún kílò kan, díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 6 sí 8, ó sì lè gbé ọkàn ró fún wákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí lítà kan àbọ̀ irú omi bẹ́ẹ̀ bá dà sínú ẹ̀jẹ̀ tí sódíọ̀mù rẹ̀ yẹ kó wà láàárín 135 sí 145, sódíọ̀mù aláìsàn á lulẹ̀. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀ dè é, yálà kí wọ́n fa omi náà jáde láti inú yàrá ọ̀tún ọkàn, tàbí kí ó sẹ́ omi náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ẹ̀jẹ̀. Gerald Buckberg àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles, nígbà tí àádọ́rin ọdún ọ̀rúndún tó kọjá ń lọ sópin, rò ó pé ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń gbé ọ́síjìn, tó sì mọ bí a ṣe ń gba ásíìdì mọ́ra. Nítorí náà wọ́n po ìpín mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìpín kan omi oníyọ̀. Oúnjẹ ń wọlé fún ọkàn nígbà tí a bá ń fún un, ṣùgbọ́n a ní láti máa fún un ní bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 síra wọn, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń po méjèèjì pọ̀ àti ojú tí kì í ṣẹ́. Ìkẹrin ni ti Pedro del Nido, tí wọ́n ṣe ní Pittsburgh fún àwọn ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ó yí ìpín yẹn padà: ẹ̀jẹ̀ ìpín kan, omi ìpín mẹ́rin. Nínú lítà omi Plasma-Lyte A kan, wọ́n á fi pọtásíọ̀mù mílímólù 26, magnesium sulphate gíráàmù 2, bicarbonate mílímólù 13, mannitol díẹ̀, àti lignocaine míligíráàmù 130. Lignocaine ń sé ojú ọ̀nà sódíọ̀mù, magnísíọ̀mù ń bá kálísíọ̀mù du àyè, ọkàn á sì dákẹ́ pẹ́ lẹ́yìn ẹyọ kan. Bíi wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fi ọkàn tán án. Ọkàn ọmọdé ni wọ́n dá a fún. Ohun tó pàdánù ni ìdánilójú nígbà tí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tí òpójẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti dí, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ á gùn ju bí a ti rò lọ.

Kí ni ìwádìí wá fi hàn? Ní 1994, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Toronto ṣẹ́ kèké pín aláìsàn 1732 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan gba ẹ̀jẹ̀ tó gbóná, àwọn kan gba èyí tó tutù. Nínú àwọn tó gba gbígbóná, ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín oṣù kan; nínú àwọn tó gba tútù, ìdá 2.5. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì, ṣùgbọ́n àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára tó lẹ́yìn iṣẹ́ kéré sí i ní apá gbígbóná. Ní 2006, Guru àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 34 jọ lórí ẹ̀jẹ̀ àti omi oníyọ̀ lásán. Ọkàn tí kò lè tu ẹ̀jẹ̀ tó bí ó ti yẹ dínkù nínú àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀. Iye àwọn tó kú kò yàtọ̀. Ní 2018, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí àgbàlagbà 89 fi del Nido wé ẹ̀jẹ̀. Ọkàn tó padà sí ìlù rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a tú irin pọ̀ sí i lápá del Nido, kò sì sí ewu tó hàn gbangba. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Àwọn àmì kéékèèké ń yàtọ̀: ìlù ọkàn, oògùn tí a fi ń ti ọkàn lẹ́yìn, èròjà troponin tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹran ọkàn bá fara pa. Ikú ni kò yàtọ̀ tó bí àwọn tó ń polówó omi ṣe ń wí.

Alátakò á sọ pé àwọn ìwádìí yìí kéré jù láti rí ikú, òótọ́ ló sì sọ. Ká ní ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú, tí a sì fẹ́ mọ̀ bóyá omi tuntun kan lè sọ ọ́ di ẹnì kan àbọ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń ṣe é, aláìsàn tí a ó nílò ju 20,000 lọ. Àwọn ìwádìí tí mo kà sílẹ̀ yìí kò sún mọ́ iye yẹn. Nítorí náà mi ò sọ pé a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gbogbo omi dọ́gba. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ìyàtọ̀ bá tiẹ̀ wà láàárín wọn, kò tóbi tó láti bo àṣìṣe ọwọ́ mọ́lẹ̀. Àṣìṣe ọwọ́ ni a lè rí, òun náà ni a lè tún ṣe lọ́la. Ẹni tó bá ní láti yan ibi tí yóò ná agbára rẹ̀ sí, ibi tí àǹfààní ti dájú ló yẹ kó kọ́kọ́ ná an sí.

Àwọn mìíràn á ní, ṣé ohun tí o ń wí ni pé kí oníkálukú máa lo ohun tó bá wù ú? Rárá o. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ọkàn tí ẹran rẹ̀ ti ki nítorí pé fáàfù aorta ti há fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í tètè tutù dé inú. Omi tó tó ọkàn tínrín kò tó o. Bí fáàfù aorta bá ń jò, omi tí a rọ sí ìdí aorta kò ní wọ òpójẹ̀ ọkàn, inú yàrá òsì ni yóò dà sí, yóò máa fẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fẹ́ bàlúù. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, St Thomas' ni o, Bretschneider ni o, del Nido ni o, kò sí èyí tí yóò ṣiṣẹ́ àfi bí a bá la aorta, kí a rọ omi náà tààrà sí ẹnu òpójẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí a gba ẹ̀yìn wá láti ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń gbà padà, kí agbára omi náà má sì kọjá 40 sí 50 mmHg níbẹ̀, kó má baà bẹ́ ẹ. Yíyan omi ń tẹ̀lé irú ọkàn àti bí iṣẹ́ ṣe máa gùn tó. Bí fáàfù kan bá wà láti pààrọ̀ láàárín wákàtí kan, ẹyọ kan del Nido bójú mu. Bí iṣẹ́ bá lè gba wákàtí mẹ́ta, tí aorta fúnra rẹ̀ fẹ́ pààrọ̀, mo lóye ẹni tó mú Bretschneider, bí ó bá ti múra de sódíọ̀mù. Bí ọkàn bá ti rẹ̀ kó tó dórí tábìlì, tí òpójẹ̀ rẹ̀ dí káàkiri, ẹ̀jẹ̀ tí a ń tún fún un láti iwájú àti láti ẹ̀yìn ṣì ní agbára tí ẹyọ kan kò ní.

Ẹ wo ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí irin bá há aorta, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Abẹ́rẹ́ ti wà ní ìdí aorta. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti omi wọlé, á sì máa pe agbára omi náà sókè fún oníṣẹ́ abẹ: 60, 70. Bí ó bá kéré jù, a jẹ́ pé fáàfù ń jò tàbí irin kò há dáadáa. Bí ó bá ga jù, a jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan ògiri. Oníṣẹ́ abẹ á fi ìka kan ìdí aorta láti mọ̀ bóyá ó kún, á fi àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ ọkàn láti mọ̀ bóyá yàrá òsì ń wú. Lójú ẹ̀rọ, ìlà ọkàn á máa falẹ̀, á fẹ̀, á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìṣẹ́jú kan bá ti kọjá tí ìlà náà ṣì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, kì í ṣe àkókò láti máa ṣàlàyé orúkọ omi. Àkókò láti wá ohun tó ń dí omi lọ́nà ni. Ìlà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní ìṣẹ́jú 25 tún jẹ́ ìkìlọ̀: ọkàn ti ń náwó, ẹ tún un fún. Ẹni tí agogo rẹ̀ kò sí níwájú rẹ̀, tí kò sì ń ké ìṣẹ́jú sókè, á rò pé ẹ̀ẹ̀kan tó fún un ló ṣì ń dáàbò bò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa ní Nàìjíríà ju bí ó ti kan àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ lọ. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní orílẹ̀-èdè wa, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni University of Nigeria ní Enugu, Magdi Yacoub, oníṣẹ́ abẹ ọkàn, wà níbẹ̀. Lónìí wọ́n ń ṣe é ní ibi mélòó kan, títí kan ilé ìwòsàn ìkọ́ni Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá ni àrùn rheumatic ti ba fáàfù wọn jẹ́ láti ìgbà èwe. Wọ́n kì í sì í tètè dé, ọkàn wọn á ti fẹ̀, ẹran rẹ̀ á ti rẹ̀. Omi tó wá láti òkè òkun ń fẹ́ dọ́là, ó ń fẹ́ ìtùtù, ó sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Plasma-Lyte A kì í wà lórí àtẹ wa bí Ringer's lactate ṣe wà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Thailand ti kọ̀wé pé wọ́n fi Ringer's lactate ṣe ìdí del Nido, ó sì ṣiṣẹ́ fún wọn. Ọ̀nà yẹn dára, ṣùgbọ́n ó gbé ewu kan wá sórí tábìlì ẹni tó ń pò ó. Ampúùlù pọtásíọ̀mù kan lè ní mílímólù 2 nínú mílílítà kan, òmíràn sì ní ẹyọ kan. Lignocaine wà ní ìdá 1 àti ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgò wọn sì jọra. Mílílítà 13 ti ìdá 1 jẹ́ míligíráàmù 130. Mílílítà 13 ti ìdá 2 jẹ́ 260. Nọ́ọ̀sì tó rẹ̀, tó fi ojú wo mílílítà láì wo agbára oògùn, ti ṣe ìlọ́po méjì láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé ìwádìí kankan láti Pittsburgh tàbí Göttingen tó lè gbani lọ́wọ́ ìyẹn.

Wọ́n lè sọ pé bí a bá di omi kan tàbí méjì mú, a ó kẹ́yìn, ayé á sì fi wá sílẹ̀. Èmi kò sọ pé kí a má yí padà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a yí padà láì ní àkọsílẹ̀ tiwa. Ilé ìwòsàn tó ń ṣe ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ lọ́dún, tó sì ń lo omi mẹ́rin, kò ní mọ èyíkéyìí nínú wọn dójú àmì. Ti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni yóò rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á sì máa kọ́ ìwọ̀n tuntun ní gbogbo ìgbà. Èyí tó yan méjì, ọ̀kan fún iṣẹ́ kúkúrú, ọ̀kan fún iṣẹ́ gígùn, á ní ohun tó lè fi wéra. Tí ó bá kọ ìṣẹ́jú tí irin fi wà lára aorta, ìṣẹ́jú tó gba ọkàn láti dákẹ́, iye ìgbà tí a tún un fún, bóyá ó jí fúnra rẹ̀ tàbí a fi iná jí i, oògùn tí a fi tì í lẹ́yìn, àti troponin ọjọ́ kejì, yóò mọ̀ láàárín ọdún méjì bóyá omi tuntun tí ẹnì kan gbé wá sàn jù fún àwọn aláìsàn tirẹ̀. Ìmọ̀ yẹn ni ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà kò lè fún un, torí kì í ṣe ọkàn irú àwọn aláìsàn wa ni wọ́n ń tọ́jú lójoojúmọ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún bi wá pé èwo ló dára jù, ìbéèrè mìíràn ló yẹ ká fi dá wọn lóhùn. Irú ọkàn wo ni? Ìṣẹ́jú mélòó ni irin máa fi wà níbẹ̀? Fáàfù aorta ń jò ni, àbí kò jò? Ta ló pò ó, ta sì ni ẹnì kejì tó ka ìwọ̀n rẹ̀ sókè kó tó gbé e kọ́? Ìgbà wo la máa tún un fún, bí iṣẹ́ bá sì pẹ́ ju bí a ti rò lọ, kí la máa ṣe? Ó yẹ kí ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí wà ní kíkọ lára ògiri tíátà kí aláìsàn tó wọlé. Ẹ̀ka tó bá lè dáhùn wọn á ṣiṣẹ́ rere pẹ̀lú èyíkéyìí nínú omi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí kò bá lè dáhùn wọn, omi tó wọ́n jù lágbàáyé kò ní tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.